Ohun tí a ṣe fún aláìsàn ni kí a fi díwọ̀n ìṣòro ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ ìfun, àbí ohun tí ó yẹ kí a ṣe?

ÌBÉÈRÈ LÁTI Ọ̀DỌ̀ DÓKÍTÀ KAN NÍ AGBÈGBÈ GWAGWALADA

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí ọjọ́ ìpàdé wa tó pé. A ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọmọkùnrin kan tí táífọ́ọ̀dù ti dá ihò sí ìfun rẹ̀ lára. Ojú abẹ gbọyún, a sì ṣí i fún un lórí bẹ́ẹ̀dì ní wọ́ọ̀dù. A kọ ọ́ pé kí ó gba ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ẹbí rẹ̀ kò rí ẹni tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, nítorí náà kò gbà á. Lẹ́yìn náà ni ibi tí a ti rán ìfun pọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jò. A dá a padà sí tíátà, a fi kẹ́támìn kun ún lóorun, a sì tún inú rẹ̀ ṣí. Kò sí bẹ́ẹ̀dì ní ICU, ibi tí a ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le jù, wọ́ọ̀dù ni a ti tọ́jú rẹ̀ títí ó fi lọ sílé. Nínú ìwé tí a fi ń kọ ìṣòro ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ sílẹ̀ ní ìpele-ìpele, ọ̀gá kan ní ìpele kẹrin ni kí n kọ, nítorí pé ICU ni ó yẹ kí ó wà. Ọ̀gá kejì ní ìpele kẹta b ni. Ẹnì kẹta ní kí n kọ iye ẹni tó kú àti iye ẹni tó yè, kí n fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn òyìnbó tó ráyè. Ta ni kí n tẹ̀ lé?

* * *

Ọ̀gá kejì ni kí ẹ tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe da ohun tí ọ̀gá kìíní rí nù.

Ìlànà tí a ń lò jù lọ ni èyí tí Dindo, Demartines àti Clavien tẹ̀ jáde ní 2004, tí ó jẹ́ àtúnṣe sí èyí tí Clavien àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé kalẹ̀ ní 1992. Ìlànà náà kò bi wá bóyá ìṣòro burú lójú wa. Ohun tí ó ń bi wá ni ìtọ́jú tí ìṣòro náà gbà. Bí ara aláìsàn kò bá lọ bí ó ti yẹ kí ó lọ, ṣùgbọ́n tí a kò lò ju oògùn èébì, oògùn ibà, oògùn ìrora, oògùn tó ń mú ni tọ̀, omi oníyọ̀ àti ìrànlọ́wọ́ àwọn onífisiọ lọ, ìpele kìíní ni, ojú abẹ tó gbọyún tí a ṣí lórí bẹ́ẹ̀dì sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ó bá gba oògùn mìíràn, irú bí apakòkòrò, tàbí tí ó gba ẹ̀jẹ̀, tàbí tí a ní láti máa gba ojú iṣan fún un ní oúnjẹ, ìpele kejì ni. Ìpele kẹta ni bí ó bá di dandan kí a tún fi abẹ, ẹ̀rọ ìwonú tàbí abẹ́rẹ́ tí skánì ń tọ́ sọ́nà wọ inú rẹ̀: a ni bí a kò bá kun ún lóorun pátápátá, b ni bí a bá kun ún. Ìpele kẹrin jẹ́ ti ìṣòro tó fẹ́ gba ẹ̀mí, tí ó sì béèrè ìtọ́jú ICU: a ni bí ẹ̀yà ara kan ṣoṣo ni ó dáṣẹ́ sílẹ̀, títí kan kíndìnrín tí a ní láti fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ fún, b ni bí ó bá ju ẹ̀yà kan lọ. Ikú ni ìpele karùn-ún.

Nínú ohun tí ẹ sọ, ojú abẹ jẹ́ ìpele kìíní. Apakòkòrò tí ọmọ náà ti ń gbà tẹ́lẹ̀ nítorí ihò inú ìfun kò sọ ọ́ di ìpele kejì, àfi bí ẹ bá fi òmíràn kún un nítorí ojú abẹ yẹn gan-an. Àbọ̀ sí tíátà jẹ́ ìpele kẹta b. Ìyẹn ni ó ga jù, òun sì ni a ó kọ bí a bá ní kí a kọ ẹyọ kan. Ẹ̀jẹ̀ tí kò gbà kò sí níbẹ̀.

* * *

Ẹnìkan tí ó ní Kàdúná ni òun ti ń ṣiṣẹ́ bínú sí gbólóhùn tí mo fi parí ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ní ohun tí ìlànà kọ sílẹ̀ ni ìṣòro tó "nílò" ẹ̀jẹ̀ tàbí ICU, kì í ṣe ìṣòro tó "rí i gbà", nítorí náà kò yẹ kí òṣì tàbí àìsí bẹ́ẹ̀dì máa sọ ìpele aláìsàn kalẹ̀.

Òótọ́ ni pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí wọ́n ti kọ ọ́. Ilé ìwòsàn yunifásítì ìlú Zurich ni wọ́n ti dán an wò, lára àwọn aláìsàn 6336 tí wọ́n ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún tẹ́lẹ̀. Níbẹ̀, bí dókítà bá ti kọ ọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ni aláìsàn nílò, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú ni ẹ̀jẹ̀ yóò ti wọ ara rẹ̀. Àìní àti rírí gbà ń rìn pọ̀ débi pé kò sí ẹni tó ń wá ìyàtọ̀ láàárín wọn. Ní ọ̀dọ̀ wa, wọ́n lè jìnnà sí ara wọn bí Sókótó ti jìnnà sí Èkó. Aláìsàn wa kò sì dá ọjọ́ kankan. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń lo ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú ibà àti inú wíwú ní abúlé kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Bí a bá gbà pé kí oníkálukú máa kọ ìpele ohun tí ó rò pé ó yẹ, èrò ni a ń kọ yẹn. Dókítà kan yóò ní PCV (ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ẹ̀jẹ̀) 24 tó fún ẹ̀jẹ̀, ẹlòmíràn yóò ní ó di 20 kí òun tó fà á. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ níbi tí ICU pọ̀ yóò rí aláìsàn ICU níbi gbogbo, ẹni tí kò ní ọ̀kan rí yóò sì máa tọ́jú irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní wọ́ọ̀dù láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn ọdún kan, kò sí bí a ó ṣe fi ìwé wọn wé ara wọn.

Ohun tí mo ń tẹnu mọ́ ni pé kí a ní òpó méjì nínú ìwé. Òpó kìíní ni ìpele ohun tí a ṣe, èyí tí ẹnikẹ́ni lè wo fáìlì kí ó sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Òpó kejì ni ìpele ohun tí a kọ tí aláìsàn kò rí gbà, pẹ̀lú ìdí rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin: kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí bẹ́ẹ̀dì, owó kò tó, iná lọ. Ohun tí a bá sì kọ sí òpó kejì gbọ́dọ̀ ti wà nínú fáìlì ní ọjọ́ náà gan-an, kì í ṣe ohun tí a rántí ní ìparí oṣù.

* * *

Fún ti ìpele kẹrin, ìdáhùn mi yàtọ̀ díẹ̀, mo sì mọ̀ pé àwọn kan kò ní gbà. Yàrá kọ́ ni ó ń sọ ènìyàn di ìpele kẹrin. Bí aláìsàn bá kàn sùn ní ICU mọ́jú nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ńlá ní ibùdó náà, kò ní ìṣòro kankan. Ní ìdà kejì, bí kíndìnrín bá ti dáṣẹ́ sílẹ̀, tí ìtọ̀ kò jáde, tí ẹ̀jẹ̀ tí a yẹ̀ wò sì jẹ́rìí sí i, tí a wá fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ó ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì wọ́ọ̀dù, èmi yóò kọ kẹrin a sí òpó kìíní láìṣiyèméjì, nítorí pé a ṣe iṣẹ́ ICU fún un. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ẹ̀rí tí a ní bá jẹ́ pé "ara rẹ̀ kò yá rárá, ICU ni ó yẹ kí ó lọ", òpó kejì ni ìyẹn ń lọ. Ẹ bi ọ̀gá kìíní yín pé ẹ̀yà ara wo ni kò ṣiṣẹ́ lára ọmọ yẹn, kí ni ẹ sì fi wọ̀n ọ́n. Bí ìdáhùn bá wà, ẹ kọ ọ́.

* * *

Kẹ́támìn wá di àríyànjiyàn tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí mo ti retí. Àwọn kan ní kì í ṣe oorun pátápátá nítorí pé a kò ki rọ́bà bọ aláìsàn lọ́fun, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń mí. Àwọn mìíràn ní oorun ni oorun ń jẹ́.

Ẹni tí a ṣí inú rẹ̀ tí kò mọ̀, tí kò sì lè dáhùn bí a bá pè é, ti sùn pátápátá ní tèmi. Rọ́bà ọ̀fun kò sí nínú ìlànà náà. Abẹ́rẹ́ tí a ń gún sí ẹ̀yìn kí ìsàlẹ̀ ara lè kú ni kò jẹ́ oorun pátápátá. Bí a bá fi í ṣe iṣẹ́, kẹta a ni. Ibi tó díjú ni kẹ́támìn kékeré tí a ń fún ọmọdé ní wọ́ọ̀dù kí a tó tú ojú abẹ tàbí kí a tó fọ ọyún jáde. Àwọn kan ń kọ ọ́ sí ìpele kìíní nítorí pé orí bẹ́ẹ̀dì ni, àwọn kan ń kọ kẹta b nítorí oògùn. Èmi á ní kí ibùdó kọ̀ọ̀kan pinnu, kí ó kọ ìpinnu náà sí iwájú ìwé àkọsílẹ̀, kí gbogbo ẹni tó bá ń kọ ọ́ sì máa ṣe é bákan náà. Àìdọ́gba láàárín dókítà méjì ní wọ́ọ̀dù kan náà burú ju kí gbogbo wọn jọ yan èyí tí kò tọ̀nà tó.

* * *

Ẹ̀yin tí ẹ ní kí a máa ka ikú nìkan, mo mọ ohun tó ń sọ yín di alárìíwísí. Fọ́ọ̀mù pọ̀, ènìyàn kò tó, ikú sì ni ohun kan ṣoṣo tí a kò lè jiyàn lé lórí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwádìí tí wọ́n ṣe jákèjádò orílẹ̀-èdè 25 ní Áfíríkà, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde nínú Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, ní 2018, tí ó kó àwọn aláìsàn 11,422 láti ilé ìwòsàn 247 jọ. Ìdá 18.2 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìṣòro bá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìdá 2.1 ni ó sì kú. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ikú wọ̀nyẹn ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, kì í ṣe lórí tábìlì tíátà. Ìyẹn túmọ̀ sí pé àyè wà láàárín ìgbà tí ìṣòro yọjú àti ìgbà tí ẹ̀mí bọ́. Ẹni tó bá ka ikú nìkan kò ní rí àyè náà rárá. Bí wọ́ọ̀dù méjì bá ní iye òkú kan náà, tí ìṣòro ọ̀kan pọ̀ tí ti èkejì kò sì tó nǹkan, àìsàn wọn yàtọ̀: ti àkọ́kọ́ lè jẹ́ ọ̀rọ̀ tíátà àti ìmọ́tótó, ti èkejì lè jẹ́ pé kò sí ẹni tó ń wo aláìsàn lóru.

Ẹ fi ti ojú abẹ kún un. GlobalSurg, ẹgbẹ́ ìwádìí àwọn oníṣẹ́ abẹ káàkiri àgbáyé, wo àwọn aláìsàn 12,539 tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ìfun àti inú fún ní orílẹ̀-èdè 66, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2018. Ojú abẹ tó gbọyún jẹ́ ìdá 9.4 nínú ọgọ́rùn-ún níbi tí ìgbé ayé ti dára jù, 14.0 ní àárín, 23.2 níbi tó ti rẹlẹ̀ jù. Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè méje tí wọ́n ti dán ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ́ wò lẹ́yìn náà: kí àwọn oníṣẹ́ abẹ pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ àti irin iṣẹ́ kí wọ́n tó rán ikùn pa. Ọyún ojú abẹ bọ́ sílẹ̀ láti 18.9 sí 16.0 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ènìyàn tó lé ní 13,000, ìròyìn rẹ̀ sì jáde ní 2022. Bí ó bá jẹ́ ikú nìkan ni wọ́n kà, báwo ni wọn ìbá ṣe mọ̀ pé ìbọ̀wọ́ tuntun ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní?

* * *

Nọ́ọ̀sì kan kọ̀wé pé nínú gbogbo ọ̀rọ̀ wa, òun kò tí ì gbọ́ ohùn aláìsàn. Ó ní òun ń tọ́jú ọkùnrin kan tí ìgbẹ́ ń gba ojú ikùn rẹ̀ jáde, tí òórùn rẹ̀ ti lé àwọn tó wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sá, tí kò sì padà sí tíátà, nítorí náà ìpele kejì péré ni wọ́n kọ fún un.

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, n kò sì ní àwáwí fún ìlànà náà. Ìtọ́jú ni ó ń wọ̀n, kì í wọn ìyà. Ó ní àmì d tí a lè fi kún ìpele nígbà tí aláìsàn bá ń lọ sílé pẹ̀lú àbùkù tí kò tí ì kúrò, àmì náà kan náà sì ni a kì í sábà kọ ní àwọn wọ́ọ̀dù wa. Ojú abẹ ìpele kìíní tó gbà oṣù méjì kí ó tó jinná lè gba gbogbo àsìkò òjò lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní apá Nasarawa. Owó tí ẹbí rẹ̀ ná lórí báńdéèjì nìkan kò sí nínú ìpele kankan. Bí ẹ bá lè kọ iye ọjọ́ tí aláìsàn lò ní wọ́ọ̀dù sí ẹ̀gbẹ́ ìpele, ẹ kọ ọ́. Yóò sọ díẹ̀ nínú ohun tí nọ́ọ̀sì yìí ń sọ.

* * *

Ẹnìkan béèrè bóyá ọ̀nà wà láti da gbogbo ìṣòro aláìsàn kan pọ̀ di òǹkà kan: bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀nà kan wà, CCI (Comprehensive Complication Index) ni wọ́n ń pè é, 2013 ni ó jáde. Òǹkà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0, ó parí sí 100, ikú sì ni 100. Ìpele kìíní kan ṣoṣo jẹ́ 8.7, ìpele kejì 20.9, kẹta a 26.2, kẹta b 33.7, kẹrin a 42.4, kẹrin b 46.2. A kì í ro wọ́n pọ̀ lásán. Ìpele kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀ (300 fún ìkíní, 1750 fún ìkejì, 4550 fún kẹta b). A ó ro àwọn ìwọ̀n náà pọ̀, a ó wá gbòǹgbò onílọ́po-méjì rẹ̀, a ó sì pín in sí méjì.

Ọmọ inú ìbéèrè yìí ní ìpele kìíní kan àti kẹta b kan: 4850, tí ó fún wa ní 34.8. Bí ẹ bá fi ẹ̀jẹ̀ tí kò rí gbà kún un ní òpó kejì, yóò di 6600, ìyẹn 40.6. Ọmọ kan náà ni, ara kan náà ni. Ohun tó wà láàárín 34.8 àti 40.6 jẹ́ ti báǹkì ẹ̀jẹ̀, òun gan-an sì ni nọ́ńbà tí mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ sí iwájú àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn yín. Òpó kan ṣoṣo ìbá ti gbé e mì.

* * *

Àwọn ohun tí kì í ṣe ìṣòro: ìfun tí a mọ̀ọ́mọ̀ gbé jáde sí ara ikùn láti ìbẹ̀rẹ̀, àpá, jẹjẹrẹ tí a kò lè gé tán, èyí tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ kò wo ohun tí ó fẹ́ wò. Bí ẹ bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó jáde ní tíátà pé ẹ ó tún inú aláìsàn ṣí lẹ́yìn ọjọ́ méjì láti fọ ọ́, àbọ̀ yẹn kì í ṣe kẹta b. Bí ẹ kò bá kọ ọ́ ṣáájú, kẹta b ni, ẹ má ṣe wá sọ lẹ́yìn pé ẹ ti ní in lọ́kàn. Ibà àti ìmí kíkankíkan tí aláìsàn gbé wá láti ilé kì í ṣe ti iṣẹ́ abẹ; nítorí èyí ni mo ṣe ń fẹ́ kí a kọ bí ara rẹ̀ ṣe rí ní wákàtí tó wọlé.

Àwọn kan béèrè nípa ìlànà tó jẹ́ ti ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan. Ó wà: ti ìjò ìfun ìsàlẹ̀ láti 2010 ní A, B àti C, níbi tí C ti jẹ́ àbọ̀ sí tíátà, àti ti àmọ́ (pancreas) tí wọ́n tún ṣe ní 2016. Ẹ lò wọ́n bí irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ọ̀pọ̀ wa, ìfun tí táífọ́ọ̀dù lu àti ìfun tó lọ́ ni a ń rí.

* * *

Ẹnìkan láti Minna béèrè ohun tí mo rò pé ó le jù nínú gbogbo rẹ̀: aláìsàn tí àwọn ẹbí rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n gbé e lọ sílé nítorí pé owó ti tán. Kí ni a ó kọ?

Ní ọ̀pọ̀ ibi tí mo mọ̀, wọ́n ń yọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ìwé, ìwé náà sì máa ń dára wò lẹ́yìn náà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ìpele tó wà lára rẹ̀ ní ọjọ́ tó lọ, ẹ kọ ọ́ pé ìtọ́jú kò parí, kí ẹ sì wá a títí ọgbọ̀n ọjọ́ yóò fi pé. Bí ó bá kú sílé láàárín àkókò náà, ìpele karùn-ún ni. Àwọn kan sọ pé a kò mọ ohun tó pa á, pé wọ́n ti sin ín ní ọjọ́ náà gan-an, gẹ́gẹ́ bí àwọn Mùsùlùmí ti ń ṣe, kò sì sí àyẹ̀wò òkú. Ìpele karùn-ún kò béèrè ohun tó pa á. Ikú rẹ̀ nìkan ni ó béèrè.

* * *

Lórí ẹni tó yẹ kó máa kọ ọ́: kì í ṣe ẹni tó di abẹ mú. N kò pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́; ojú ẹni tó rán ìfun kì í tètè rí i pé ìfun ń jò. Kí dókítà kan tí kò sí ní tíátà náà àti nọ́ọ̀sì tó ń di ojú abẹ jọ kọ ọ́, ní ọjọ́ tí ìṣòro bá yọjú. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìwé náà jẹ dókítà níyà, nítorí pé ìpele kìíní ni yóò kọ́kọ́ pòórá, kejì yóò sì tẹ̀ lé e. Wọ́ọ̀dù tí kò kọ ìṣòro kankan sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta kò tíì wò ni.

Ọyún ojú abẹ sábà máa ń yọ lẹ́yìn tí aláìsàn bá ti lọ sílé, nítorí náà fóònù ṣe kókó. Kí ẹni tó gbọ́ Haúsá dáadáa pè é, tàbí ẹni tó gbọ́ Gbagyi bí abúlé bá béèrè bẹ́ẹ̀. Kí ó má ṣe bi í pé "ṣé ara ti yá?", nítorí pé ọpẹ́ fún Ọlọ́run ni yóò gbọ́. Kí ó béèrè bóyá omi tàbí ọyún jáde lójú abẹ, bóyá ẹnikẹ́ni ṣí i, bóyá ó ra oògùn ní kẹ́mísì nítorí rẹ̀, bóyá ó sùn ní ilé ìwòsàn mìíràn. Fóònù tó wà nínú fáìlì sábà máa ń jẹ́ ti àbúrò bàbá tó ń gbé ní Nyanya, tí kò tí ì fojú kan aláìsàn láti ọjọ́ tó ti lọ sílé; ẹ gba nọ́ńbà kejì, ti ẹni tí òun àti aláìsàn jọ ń gbé inú ilé kan náà, kí ẹ sì pe é lójú wọn kí wọ́n tó jáde ní wọ́ọ̀dù.